S Mẹ́rin Tí Etí Wa Sọ Di Ẹyọ Kan

Ẹ bá mi pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: sàká. Sàárà. Súlè. Sùmọ́nù. S kan náà ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn, àbí? Létí àwa ará Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Lárúbáwá ń kọ síbẹ̀: ز fún sàká, ص fún sàárà, س fún Súlè, ث fún Sùmọ́nù.

Ẹni tó bá ti jókòó nílé kéú ní Pákátà rí á ti máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ gbé wàláà lé itan. Àáfà pe ث, ọmọ ní s. Àáfà pe ص, ọmọ tún ní s. Ẹgba balẹ̀: "Ṣé o ò gbọ́ ni?" Ọmọ gbọ́ o. Ohun tó gbọ́ gan-an ló pè padà.

Ẹ fi ìka kan gògóńgò yín, kí ẹ fa s gùn: sssss. Kò mira. Ẹ wá ṣe bí oyin tó há sínú agolo: zzzzz. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ ìka yín. Gbígbọ̀n yẹn ló ya ز sọ́tọ̀ sí س. Òun náà la sì fi ń mọ "dà" yàtọ̀ sí "tà", tí a kì í ṣì í gbọ́. Etí wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Lórí s ni èdè wa ò ti rán an níṣẹ́ yẹn rí.

Ọmọ ọwọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1984, àwọn olùwádìí méjì ní Kánádà, Janet Werker àti Richard Tees, tẹ ìwádìí kan jáde. Àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ tí wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró Híńdì kan sí èkejì, èyí tó ń pòórá mọ́ àgbà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì létí. Ní oṣù mẹ́wàá sí méjìlá, púpọ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò gbọ́ ọ mọ́. Ọmọ tí ò tíì rìn délé aládùúgbò!

Àáfà tó mọṣẹ́ kì í kàn pariwo. "Wo ẹnu mi" ló ń wí, ahọ́n á yọ sáàárín eyín fún ث. Ojú ń bá etí gbọ́rọ̀. Ní 1976, àwọn olùwádìí kan, Harry McGurk àti John MacDonald, fi ohùn "ba" sórí àwòrán ẹni tó ń pe "ga". Ọ̀pọ̀ àgbà tó wò ó ní "da" làwọn gbọ́. Kí wọ́n dijú báyìí, "ba" á padà dé.

Ó yá, mo fẹ́ pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ kọ́kọ́ dijú. Ẹ wá lajú, kí ẹ máa wo ahọ́n mi.