Laptop àtijọ́ yín ti jí: OS wo ló máa wọ inú rẹ̀?

Ẹ wo ThinkPad T60 méjì tó wà lórí tábìlì mi yìí. Ọdún 2006 ni irú wọn jáde. Dúdú ni méjèèjì, orúkọ kan náà ló wà lára wọn, bọ́tìnì pupa kékeré àárín kíbọ́ọ̀dù sì ń bẹ níbẹ̀. Tòkunbọ̀ ni wọ́n. Mo ti gbọn eruku inú fáànù wọn, mo ti pààrọ̀ gíríìsì orí processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, mo ti fi SSD rọ́pò hard disk tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ẹ̀yin náà ti tún tiyín ṣe, torí náà mi ò ní padà sórí bí wọ́n ṣe ń tú skúrù tàbí bí wọ́n ṣe ń kọ ISO (fáìlì OS) sórí flash. OS ni ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Ọ̀kan nínú méjèèjì yìí máa gba Debian 13, ìyẹn OS ọ̀fẹ́ kan nínú ìdílé Linux. Èkejì ò ní gbà á láéláé. Bẹ́ẹ̀, bẹ́ ẹ bá rí wọn, ìbejì lẹ ó pè wọ́n.

Ẹ sún mọ́ mi, torí ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà la dé yìí. Wọ́n á tan laptop, wọ́n á lọ sí Properties, Windows 7 á kọ ọ́ síbẹ̀ pé "32-bit Operating System". Ó parí! Wọ́n á ní, "Ha, 32-bit ni tèmi." Rárá o. 32-bit tàbí 64-bit ni ìwọ̀n ìsọfúnni tí processor lè gbé lẹ́ẹ̀kan; OS 64-bit ò lè ṣiṣẹ́ lórí processor 32-bit. Windows ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀ ni. Kò tíì sọ nǹkan kan nípa processor tó gbé e dúró. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí processor rẹ̀ jẹ́ 64-bit ló jẹ́ pé Windows 32-bit ni wọ́n fi sínú rẹ̀ látilẹ̀, tó sì wà bẹ́ẹ̀ títí tó fi sọdá òkun dé ọ̀dọ̀ wa. Mo tún un sọ, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ dáadáa: Ẹ MÁ BI WINDOWS. Ẹ BI PROCESSOR.

Báwo la ṣe ń bi í? Ẹ fi antiX 32-bit, Linux fífúyẹ́ kan, sórí flash, torí ìyẹn máa bẹ̀rẹ̀ lórí méjèèjì. Ẹ má tíì fi sínú ẹ̀rọ o, orí flash ni kó ti ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ẹ tẹ lscpu. Ẹ wo ìlà tó sọ pé "CPU op-mode(s)". Lórí ẹ̀rọ ọwọ́ òsì mi, "32-bit" nìkan ló kọ. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀: T2400, Core Duo nìyẹn. Ó yá, ẹ wo tọwọ́ ọ̀tún: "32-bit, 64-bit". T7200, Core 2 Duo nìyẹn. Ọdún kan náà ni Intel gbé méjèèjì jáde, Core Duo ní January 2006, Core 2 Duo ní July. Nọ́ńbà 2 tó há sáàárín yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀.

Ọmọ Òṣogbo ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí nídìí aró. Ẹ gbé aṣọ lọ bá ìyá aláró. Kì í ṣe bí aṣọ ṣe ń dán ló máa wò. Àárín ìka ló máa fi í sí, á fọwọ́ pa á wò, kó lè mọ̀ bóyá òwú ni. Téru tó jẹ́ òwú pọ́ńbélé á mu aró, á sì dúró síbẹ̀. Polyester ńkọ́? Ẹ rì í bọ ìkòkò títí ilẹ̀ á fi ṣú, bẹ́ ẹ bá ti ṣàn án, omi ló máa gbé e lọ. Ìyá ò ní bínú sí aró, kò sì ní bínú sí aṣọ. Á kàn ní kẹ́ ẹ lọ mú òwú wá ni. OS ni aró yìí, processor ni òwú. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé Linux kan "ò dáa" torí pé kò ṣí lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó fọwọ́ pa aṣọ náà wò láàárín ìka.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yára díẹ̀.

Bí tiyín bá jẹ́ 64-bit, ẹ lọ sí Debian 13, kẹ́ ẹ yan LXQt tàbí Xfce fún ojú rẹ̀. Ẹ fi GNOME, ojú tó wúwo jù wọ́n lọ, sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní T60, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ki RAM 4GB bọ inú rẹ̀, bíi 3GB ló máa rí lò. Chipset, ẹ̀yà tó so processor pọ̀ mọ́ RAM, ló fi ààlà síbẹ̀, OS kankan ò lè sún ààlà náà.

Bó bá jẹ́ 32-bit, ilẹ̀kùn ti ń tì. Ubuntu, Linux mìíràn, ti tì í fún desktop láti 2017. Debian 13 tó jáde ní August 2025 ò ní installer fún un mọ́. antiX 23 ni mo fi sí T2400 yìí, orí Debian 12 ni wọ́n kọ́ ọ lé, ó sì fúyẹ́ dáadáa. Processor Pentium M inú ThinkPad T41 àti T42, 32-bit ni gbogbo wọn. Bí Linux bá ṣàròyé PAE (ọgbọ́n tí processor 32-bit fi ń rí RAM púpọ̀ lò) fún yín, ẹ fi forcepae kún ìlà boot, ìyẹn ìlà àṣẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ OS, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

Ṣùgbọ́n browser ni ìṣòro tó ń bọ̀. OS lè fúyẹ́ bí ìyẹ́, browser ò mọ̀ ọ́n. Chrome ti fi Linux 32-bit sílẹ̀ láti 2016. Firefox 144 ti ọdún 2025 ni ìkẹyìn fún un. Ẹ̀dà ESR 140, èyí tó máa ń pẹ́ gba àtúnṣe, nìkan ni wọ́n ní á ṣì máa gbà á fúngbà díẹ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀rọ tí ẹ ó máa fi wo fídíò, tí ẹ ó fi wọ báńkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má gbé ẹrù yẹn lé 32-bit lórí. Ìwé kíkọ, orin, PDF, kóòdù kíkọ́: ó ń ṣe gbogbo ìyẹn wẹ́rẹ́.

Mo mọ̀, mo mọ̀, ẹ fẹ́ bi mí nípa Windows. Microsoft dáwọ́ àtúnṣe XP dúró ní 8 April 2014. Ti 7 dúró ní 14 January 2020. Ti 10 tẹ̀lé e ní 14 October 2025. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan, T60 ò ní i. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti máa gbà kẹ́ ẹ fi XP sí i: bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ kan wà tí kò sí OS mìíràn tó lè ṣe é, bíi tẹ́lọ̀ tó ní sọ́fítíwíà àtijọ́ tó fi ń ya ọnà sára agbádá. Ẹ fi XP sí i fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo etí iwájú laptop yìí, ẹ wo bọ́tìnì pẹlẹbẹ tó ń yọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Wireless nìyẹn. Ẹ fi èékánná tì í pa. Kó wà ní pípa! Flash ni kẹ́ ẹ máa fi gbé iṣẹ́ wọlé. XP Ò GBỌDỌ̀ DÉ ORÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ. Èyí tí wọ́n sì fi activator (ètò tó ń ṣí Windows láìsanwó) ṣí fún yín, ẹ má jẹ́ kó kan ẹ̀rọ yín rárá, ẹ ò mọ ẹni tó ń bá yín gbé inú rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó tẹ Install, ẹ lo OS náà lórí flash ná. Ẹ wò ó bí Wi-Fi bá mú, bí ohùn bá jáde. Ẹ pa ìdérí dé, ẹ ṣí i, ṣé ó jí? Ẹ tún wo déètì. Bó bá kọ ọdún 2006 síbẹ̀, bátìrì kékeré inú mọ́dábọ́ọ̀dù ti kú, gbogbo wẹ́ẹ̀bù ló máa ní òun ò láàbò, ẹ ó sì máa bú OS tí ò ṣẹ̀. CR2032 ni, ó wà lábẹ́ ibi tí ọwọ́ ń sinmi lé. Bátìrì ńlá náà ńkọ́? Bí kò bá gba iná dúró mọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ install lórí iná tó lè lọ nígbàkigbà. Ẹ gbé e lọ síbi tí inverter wà.

Bí installer bá wá béèrè kíbọ́ọ̀dù, ẹ yan Nigeria, kẹ́ ẹ yan Yoruba lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí ẹ, ọ àti ṣ tẹ̀ láìwá wọn kiri.

Ẹ tẹ lscpu lónìí, kẹ́ ẹ kọ orúkọ processor yín àti iye RAM rẹ̀ sísàlẹ̀ fídíò yìí. Èmi fúnra mi ni mo máa dáhùn.