Ibo Ni Omi Náà Ti Wá? Ọ̀rinrin àti Ìbu Nínú Àwọn Ilé Tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì Glasgow

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará.

Ní oṣù Kọkànlá, bí ilẹ̀ bá mọ́ ní Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, tí ẹ ká kọ́tìnì, ẹ ó rí omi tó ń ṣàn lójú gíláàsì fèrèsé. Á sọ̀ kalẹ̀ sórí pátákó ìsàlẹ̀ fèrèsé, á sì dá dúró síbẹ̀. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí nǹkan dúdú á fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní igun yàrá, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ àti lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Irú ohun tó ń mú búrẹ́dì bu náà ló ń mú ògiri bu. Ìbu ni mo máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mould ni ẹ ó rí nínú íméèlì onílé.

Onílé kì í pẹ́ dá ẹjọ́ rẹ̀: “Ẹ ń se oúnjẹ jù, ẹ kì í ṣí fèrèsé.” Ayálégbé náà á ní ilé ló ń jò. Èrò tèmi ni pé ká tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ká kọ́kọ́ mọ ibi tí omi náà gbà wọlé. Ọ̀nà mẹ́rin ló lè gbà, oògùn ọ̀kan kò sì ṣiṣẹ́ fún èkejì.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé náà fúnra rẹ̀ ná. Láàárín nǹkan bí ọdún 1850 sí ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú àwọn tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì Glasgow. Òkúta oníyanrìn ni wọ́n fi kọ́ wọn, òmíràn ràkọ̀ràkọ̀, òmíràn pupa. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, gbogbo fúláàtì inú rẹ̀ sì jọ ń lo àtẹ̀gùn kan tí wọ́n ń pè ní close. Bí àdírẹ́sì yín bá jẹ́ 2/1, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, fúláàtì àkọ́kọ́ nìyẹn. 0/1 wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ògiri ìta nípọn tó ààbọ̀ mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, iná èédú ló ń jó nínú àwọn yàrá, ihò èéfín sì ń fa afẹ́fẹ́ inú ilé jáde tọ̀sán-tòru. Lónìí, wọ́n ti dí ààrò, wọ́n ti fi fèrèsé onígíláàsì méjì rọ́pò èyí tí atẹ́gùn ń gba etí rẹ̀ wọlé. Ilé tí wọ́n kọ́ kó máa mí, wọ́n ti dí i nímú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀, ayálégbé kọ́ ló sì dí i.

Ọ̀nà kìíní ni èyí tó wọ́pọ̀ jù, ìyẹn ni pé ògiri ń làágùn. Ẹ gbé ìgò omi kúrò nínú fíríìjì, ẹ gbé e ka orí tábìlì, ẹ ó rí i bó ṣe máa làágùn. Ìgò náà kò jò. Omi inú afẹ́fẹ́ ló bá ara tútù pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni ògiri ìta rí nígbà òtútù. Èémí wa, ìwẹ̀ wa, aṣọ tí a fọ̀ àti oúnjẹ tí a ń sè, gbogbo wọn ló ń tú omi sínú afẹ́fẹ́. Aṣọ tútù tó kún ẹ̀rọ ìfọṣọ kan lè tú omi tó nǹkan bíi lítà 2 sílẹ̀ bí ẹ bá sá a sínú yàrá. Ká sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, oúnjẹ wa gba iná. Ẹ̀wà lè wà lórí iná fún wákàtí méjì. Ata ọbẹ̀ ńkọ́, tí a máa ń ṣí sílẹ̀ kí omi rẹ̀ lè gbẹ? Omi tí a ní ó gbẹ yẹn, ara ògiri yàrá ló lọ.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má se ẹ̀wà. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kó lè tètè jinná, kí ẹ sì dé ìkòkò. Bí ata bá gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, ẹ ti ilẹ̀kùn kíṣìnì, ẹ ṣí fèrèsé rẹ̀ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ tan fáànù tó ń fa oru jáde, kí ẹ má sì pa á títí di ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́yìn tí ẹ sè é tán. Ohun kan náà ni ti ilé ìwẹ̀: omi tútù ni kó kọ́kọ́ wọ ọpọ́n ìwẹ̀ kí ti gbígbóná tó tẹ̀ lé e, oru rẹ̀ á dín kù. Bí ẹ kò bá ní ibòmíràn tí ẹ lè sá aṣọ sí, ilé ìwẹ̀ ni kí ẹ sá a sí, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì àti fáànù ní títàn. Ẹ má fi kọ́ ara radiator, irin tó ń mú yàrá gbóná, ní pálọ̀. Láàárọ̀, ẹ nu omi ojú fèrèsé, kí ẹ fún àkísà náà sínú síńkì. Bí ẹ bá sá àkísà yẹn sórí radiator, inú afẹ́fẹ́ lẹ tún dá omi náà padà sí.

Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kò gbọ́dọ̀ fara ti ògiri ìta. Ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ibẹ̀ gan-an la máa ń kó àpótí aṣọ òkè, gèlè àti léèsì sí. Ẹ̀yìn oṣù mẹ́ta, tí ìpè òde bá dé, ẹ ó ṣí àpótí, òórùn á kọ́kọ́ kí yín, ẹ ó sì rí i pé etí àgbádá ti bu. Inú yàrá tí ògiri rẹ̀ kò kan ìta ni kí ẹ kó wọn sí.

Ẹ ra hygrometer kékeré kan, irinṣẹ́ tó ń wọn omi inú afẹ́fẹ́, kò wọ́n. Bó bá wà láàárín 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dáa. Bó bá ń kọjá 70 lójoojúmọ́, ìbu ń bọ̀. Ní ti ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin, oríṣi méjì ló wà: èyí tó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bíi ti fíríìjì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú yàrá tó tutù gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní desiccant ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àmọ́ ó ń jẹ iná jù.

Ọ̀nà kejì ni omi òjò. Òjò tó ń rọ̀ ní Glasgow ju mìlímítà 1,000 lọ lọ́dún. Ti Èkó pọ̀ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n oòrùn Èkó ń gbẹ ògiri. Ní Glasgow, ojúmọmọ oṣù Kejìlá kò ju nǹkan bíi wákàtí 7 lọ. Ní etí òrùlé, ohun kan wà tó ń gba omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, àwọn ará ìlú ń pè é ní rone. Bí ewé àti ìgbẹ́ ẹyẹlé bá dí i, omi á kún, á máa ṣàn sára òkúta. Páìpù onírin tó ń gbé omi náà wálẹ̀ sì máa ń là ní ẹ̀yìn, níbi tí ojú kò ti lè rí i. Àbàwọ́n ọ̀rinrin yìí máa ń wà lójú kan, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n bíi tíì, etí rẹ̀ á dà bí àmì omi lára aṣọ, á sì máa fẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ohun mìíràn tó ń fà á ni sìmẹ́ńtì. Lime, àpòpọ̀ ìkọ́lé àtijọ́ kan, ni wọ́n fi so òkúta náà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí omi jáde. Àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn náà fi sìmẹ́ńtì dí ojú rẹ̀. Omi há sínú òkúta, ojú òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Ọ̀nà kẹta, omi ń fà gòkè láti inú ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé nìkan ni, kì í sábà ga ju mítà kan lọ, ó sì máa ń fi iyọ̀ funfun sílẹ̀ lára ògiri. Ẹ̀kẹrin ni páìpù tàbí ilé ìwẹ̀ ará òkè tó ń jò. Èyí kò mọ òjò mọ ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí kò bá yé yín èwo ni, ẹ gbẹ ojú ògiri náà, ẹ fi fọ́ìlì ìdáná bo ibẹ̀, kí ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ yí ká. Lẹ́yìn wákàtí 24 sí 48, ẹ wò ó. Bí omi bá wà lójú fọ́ìlì tó kọjú sí yàrá, inú yàrá lomi ti wá. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, inú ògiri ló ti ń bọ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ ìbu tí kò ju mítà kan níbùú lóròó lọ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a, yóò fò káàkiri ilé. Oògùn ìpabu tí wọ́n ń tà fún ògiri ló dáa jù. Bílíìṣì ìwọ̀n 1 sínú omi ìwọ̀n 4 ń ṣiṣẹ́ lórí táìlì àti gíláàsì, àmọ́ kì í wọnú ògiri. Ẹ má ṣe po bílíìṣì mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn láé. Kí ẹni tó bá ní ikọ́ fée má ṣe é. Ẹ má sì kun ọ̀dà lé e, ẹ ó tún padà rí i.

Bó bá jẹ́ pé ilé ló ń jò, íméèlì ni kí ẹ fi sọ fún onílé, kì í ṣe ẹnu lásán: ọjọ́, yàrá, fọ́tò, iye tí hygrometer kà, bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Òfin Housing (Scotland) Act 2006 sọ pé ilé tí wọ́n fi háyà gbọ́dọ̀ kúnjú ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Repairing Standard. Ara ilé náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí atẹ́gùn tàbí omi òjò wọlé. Bí onílé kò bá ṣe é lásìkò tó yẹ, First-tier Tribunal wà, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilé, ayálégbé kì í sì í san kọ́bọ̀ kó tó gbé irú ẹjọ́ yìí lọ síbẹ̀. Wọ́n lè pàṣẹ àtúnṣe. Bí onílé bá ṣàìgbọràn, wọ́n lè gé owó ilé kù títí dé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má dá gé owó ilé fúnra yín, gbèsè owó ilé lè sọ yín síta. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ wa. Àdéhùn ilé gbígbé tó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kejìlá 2017 kò jẹ́ kí onílé lé ènìyàn jáde láìní ìdí tí òfin kà sílẹ̀, kò sì lè fipá lé yín láìsí àṣẹ tribunal. Ìráhùn nípa ògiri kò kan físà ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tó wà nínú ilé housing association, àjọ tí kì í fi ilé jèrè, ọ̀nà tiyín yàtọ̀: ẹ fi ẹ̀sùn sùn wọ́n, ní ìpele kìíní wọ́n ní ọjọ́ iṣẹ́ 5 láti dáhùn, ní ìkejì wọ́n ní 20. Lẹ́yìn náà lẹ lè lọ sọ́dọ̀ Scottish Public Services Ombudsman, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí iṣẹ́ ìlú.

Onílé lè sọ pé òrùlé kì í ṣe tòun nìkan. Òótọ́ ni. Àmọ́ òfin Tenements (Scotland) Act 2004 ti wí pé níbi tí ìwé ilé kò bá ti sọ ọ́, ìpinnu èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onífúláàtì de gbogbo wọn, ará ìsàlẹ̀ náà á sì san tirẹ̀ nínú owó òrùlé. Bí ọ̀kan bá kọ̀, òfin fún káńsù lágbára láti san ìpín rẹ̀ kí wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tó ti ra fúláàtì, ẹ béèrè lọ́wọ́ factor, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó close yín, ìgbà wo ni wọ́n nu rone kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn tí ewé bá wọ́ tán, ni mo fara mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Wọ́n á ní kí ènìyàn fi iná gbóná ilé tó 18°C láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ tàbí káàdì ra iná àti gáàsì díẹ̀díẹ̀ sínú mítà ńkọ́? Mítà gáàsì yẹn ń ka owó ojoojúmọ́ tí wọ́n ń pè ní standing charge sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹnikẹ́ni kò tan hítà. Nígbà tí òtútù bá dé, owó àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi sí i, gbèsè ló máa gbé e lọ. Nítorí náà, ẹ máa fi díẹ̀ sí i láti oṣù Kẹfà.

Ẹ̀yin tó ṣì ń wá ilé, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọjọ́ òjò ni kí ẹ lọ wò ó bó bá ṣeé ṣe. Kí ẹ tó wọlé, ẹ gbójú sókè wo etí òrùlé bóyá omi ń ṣàn kọjá rone, bóyá igbó ti hù lórí ihò èéfín. Nínú yàrá, ẹ fura sí ọ̀dà tuntun tó wà ní igun kan ṣoṣo. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì, kí ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù díẹ̀, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀.