Irun Àsomọ́: Ohun Tí Wọ́n Fi Ń Ṣe É àti Bó Ṣe Yẹ Kó Jókòó Lórí

Bí oníbàárà bá gbé wífọ́ọ̀nù wá sí ṣọ́ọ̀bù, ohun tí onídìrí sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bó ṣe fẹ́ kí a là á. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: irun wo ló máa gbé e? Ohunkóhun tí a bá so mọ́ orí, ì báà jẹ́ olówó pọ́ọ́kú tàbí èyí tí owó rẹ̀ tó owó ilé, irun tó hù lórí onítọ̀hún ló máa rù ú tọ̀sántòru fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Oríṣi méjì ló pọ̀ jù: irun oníke àti irun èèyàn. Púpọ̀ nínú àtáṣímẹ́ǹtì tí a fi ń di irun jẹ́ okùn tí wọ́n ń pè ní modacrylic. Ilé-iṣẹ́ Kaneka ní Japan ló gbé irú èyí tó gbajúmọ̀ jù jáde ní 1957, tó sọ ọ́ ní Kanekalon. Kẹ́míkà méjì, vinyl chloride àti acrylonitrile, ni èròjà rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí iná kì í fi tètè ràn án. Àmọ́ ooru ń yọ́ ọ. Áyọ́ọ̀nù irun tí ẹ fi kàn án yóò lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì sí àtúnṣe. Omi gbígbóná nìkan ni a fi ń mú kí ṣóńṣó rẹ̀ dúró bí a ṣe fẹ́, ibẹ̀ sì ni ewu wà: omi náà máa ń ṣàn gba ara irun bọ́ sí ẹ̀yìn. Ẹ gbé aṣọ ìnura tó nípọn lé èjìká àti ẹ̀yìn, kí oníbàárà fara ti àga, kí abọ́ omi wà lẹ́yìn àga náà, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ fún omi inú irun kúrò kí ẹ tó jẹ́ kó kan ara. A kì í ṣe é fún ọmọdé rárá.

Àtáṣímẹ́ǹtì tún máa ń yún àwọn kan lára, pàápàá ní ìpàkó àti ọrùn, nítorí ohun tí wọ́n fi pa á ní ilé-iṣẹ́. Kí oníbàárà tí ara rẹ̀ kì í gbà á rẹ tirẹ̀ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó da ìwọ̀nba fínígà sí i, kó fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ohun funfun kan lè léfòó. Kó ṣan án, kó sá a, kó gbẹ pátápátá kó tó gbé e wá.

Irun èèyàn ni ẹ̀tàn pọ̀ sí jù. Ní tẹ́ḿpìlì Tirumala ní Íńdíà, àwọn olùjọ́sìn máa ń fá orí wọn láti san ẹ̀jẹ́, àwọn alábòójútó tẹ́ḿpìlì sì máa ń ta irun náà ní gbàǹjo. Ara irun ní ìpẹ́ bíi ti ẹja, gbogbo rẹ̀ sì kọjú sí ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá di irun pọ̀ kí wọ́n tó gé e, tí ìdí wà lápá kan, tí ṣóńṣó wà lápá kejì, ìpẹ́ náà á kọjú síbì kan náà, kò sì ní máa ta kókó. Òun ni wọ́n ń pè ní Remy. Èyí tí wọ́n ṣà jọ láti ara òòyà àti ilẹ̀ ilé, ìdí àti ṣóńṣó ti dàrú mọ́ra nínú rẹ̀. Kí ó lè ṣeé tà, wọ́n á fi ásíìdì họ ìpẹ́ náà kúrò, wọ́n á sì fi sílíkóònù pa á kó lè máa dán. Ìdí nìyẹn tí irun tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ nínú ọ̀rá fi máa ń di àkísà lẹ́yìn ìfọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin: sílíkóònù ti bá omi lọ.

Nípa orúkọ, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. “Brazilian” àti “Peruvian” tó wà lára páálí kò sọ ibi tí irun ti wá. Éṣíà ni ọ̀pọ̀ irun tó wà lọ́jà ti wá, Xuchang ní ìpínlẹ̀ Henan ní Ṣáínà sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí iṣẹ́ ṣíṣe é ti pọ̀ jù. “10A” àti “12A” ńkọ́? Kò sí àjọ kankan tó ń wọn irun kó tó fún un ní nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tà á ló kọ ọ́. Ẹ fa okùn bíi márùn-ún yọ, kí ẹ fi iná sí i. Irun èèyàn á rùn bí ìyẹ́ adìẹ tó jóná, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́. Irun oníke á yọ́, á di kókó líle. Bí méjèèjì bá ṣẹlẹ̀ nínú ìdì kan náà, àdàlù ni wọ́n tà fún oníbàárà.

Ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Ìdì wífọ́ọ̀nù kan sábà máa ń jẹ́ gíráàmù 100, yálà ó jẹ́ íǹṣì 12 tàbí íǹṣì 26. Bí irun bá ṣe gùn tó ni ìdí tí ẹ̀rọ rán okùn irun mọ́ máa kúrú tó, nítorí náà ìdì mẹ́ta tó kún orí dáadáa ní íǹṣì 14 kò ní kún un ní íǹṣì 24. Oníbàárà á ní kí ẹ fi ìkẹrin kún un, ìyẹn gíráàmù 400 kí omi tó kàn án. Bí ẹ bá rí i pé irun orí rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ sọ fún un pé kó mú íǹṣì 14. Bí kò bá gbà, wíìgì tó lè ṣí kúrò lálẹ́ sàn fún un.

Ó wá kan rírán. Ọ̀nà yìí ti pẹ́ o: ní 1952 ni Christina Jenkins, obìnrin adúláwọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, gba páténtì fún ọ̀nà tó fi ń so irun títà mọ́ irun orí. Ẹ fọ orí náà, kó gbẹ dé ìdí. Irun tútù máa ń nà. Bí ẹ bá dì í bẹ́ẹ̀, á súnkì nígbà tó bá gbẹ, á sì máa fa awọ orí. Èyí tó bá lómi lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì (àwọ̀n tí a ń rán lé orí dídì) á máa rùn kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ẹni tí irun rẹ̀ ki, tí kò fẹ́ fi iná nà án, kó fi òwú dúdú kó o mọ́jú.

Kòlẹ́sẹ̀ ni dídì tó dára jù láti fi ṣe ìpìlẹ̀ tí a máa rán wífọ́ọ̀nù lé, ẹsẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìnípọn pẹ́ńsùlù. Ẹsẹ̀ wínníwínní dára fún ẹni tó fẹ́ gbé dídì rẹ̀ kiri bẹ́ẹ̀. Kò lè ru wífọ́ọ̀nù. Ẹ fi irun wẹ́wẹ́ etí iwájú orí àti ti ẹ̀bátí sílẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ rán nẹ́ẹ̀tì lé ìpìlẹ̀ náà kí ẹrù lè pín kárí.

Abẹ́rẹ́ títẹ̀ àti òwú náílọ́ọ̀nù ni kí ẹ lò. Òwú kọ́tìnì máa ń mu omi, ó sì máa ń jẹrà. Láti ìpàkó ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti abẹ́rẹ́ gba abẹ́ ẹsẹ̀ irun, ẹ mú un yí ìdí wífọ́ọ̀nù po, ẹ gbà á sínú ojúhò òwú kí ẹ tó fà á. Ẹ má gún ìdí náà rárá, torí òwú ẹ̀rọ tí ẹ bá já níbẹ̀ ló ń mú kí irun máa yọ dànù. Kí ojú rírán kan sí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà kan, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ẹ rán an lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá dé etí, ẹ ṣẹ́ ẹ padà dípò kí ẹ gé e, àfi ní àtàrí, níbi tí ìṣẹ́po á ti wú jáde. Níbẹ̀ ẹ lè gé e, kí ẹ sì kán gọ́ọ̀mù sí ojú ibi tí ẹ gé.

Gọ́ọ̀mù lílẹ̀ yá ju rírán lọ, ohun tó dùn mọ́ oníbàárà nípa rẹ̀ nìyẹn. Látẹ́ẹ̀sì (oje rọ́bà) wà nínú púpọ̀ rẹ̀, ara àwọn kan kì í sì í gbà á; ẹ kán díẹ̀ sẹ́yìn etí, kí ẹ dúró fún wákàtí 48. Orí fìlà tí a fi bo irun orí ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ irun gan-an, òróró tàbí oògùn ìyọgọ́ọ̀mù ni a fi ń yọ ọ́. Ẹni tó bá fà á á fa irun tirẹ̀ mọ́ ọn. Téèpù àti òrùka kékeré tí wọ́n ń lò nílùú òyìnbó wà fún irun tó nà, a ò ní pẹ́ lórí wọn.

Àmì pé ẹrù ti pọ̀ jù kì í fara sin. Awọ orí á máa dun oníbàárà, eéwo wínníwínní á yọ sí ìdí irun, lẹ́yìn náà ẹ̀bátí á bẹ̀rẹ̀ sí í pá. Nígbà míì irun tínńtín díẹ̀ á ṣẹ́kù ní iwájú, ibi tó pá á wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ti kọ nípa rẹ̀ láti 1907, lára àwọn obìnrin Greenland tí wọ́n máa ń fa irun wọn le, nítorí náà kì í ṣe irun adúláwọ̀ nìkan ló ń ṣe. Bí ẹ bá tètè tú u, irun á padà hù. Bí ó bá pẹ́, ìdí irun á di àpá, kò ní hù mọ́. Oògùn ìrora kọ́ ló ń wo dídì tó le, títú ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tó láti tú wífọ́ọ̀nù. Ẹ gé òwú láti apá wífọ́ọ̀nù, kì í ṣe láti apá ẹsẹ̀ irun. Irun tí ẹ máa rí nínú òòyà á dẹ́rù ba oníbàárà: orí èèyàn máa ń gbọn irun 50 sí 100 lóòjọ́, lọ́jọ́ 42 ìyẹn ti lé ní 2,000, gbogbo rẹ̀ ló sì há sínú dídì náà. Ẹ fi òróró díẹ̀ yà á, kí ẹ fi ìka tú u kí omi tó kàn án. Bí omi bá kọ́kọ́ kàn án, á lẹ̀ pọ̀, síísọ́ọ̀sì ló sì máa kù.

Ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń béèrè jù lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Àkọ́kọ́: ṣé a lè fọ orí pẹ̀lú wífọ́ọ̀nù? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ po ìwọ̀n ṣámpù kan mọ́ ìwọ̀n omi mẹ́ta, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ẹ tẹ̀ ẹ́ sáàárín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣan án, kí oníbàárà sì jókòó sábẹ́ diráyà títí ìpìlẹ̀ á fi gbẹ, bíi wákàtí kan. Èkejì: ṣé a lè fi rilásà sí irun lónìí ká rán wífọ́ọ̀nù lọ́la? Rárá o. Rilásà ti dín agbára irun kù, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán.