Ìwé Ìtọ́sọ́nà Ìjọba: Ibi Tó Ti Wúlò àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa láti Yàgbà, Ìjùmú, Mọ́pà, Kàbà àti Búnú. Ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ òní dá lórí àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà tí ìjọba ń tẹ̀ jáde fún aráàlú: ti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ìlera, ti ìrìnnà ojú pópó, ti ìdìbò. Owó ìlú la fi tẹ̀ wọ́n, síbẹ̀ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ni púpọ̀ nínú wọn ń parí sí. Èrò tèmi ni pé wọ́n wúlò gan-an, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ jèrè wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ òṣùwọ̀n inú wọn di èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oko. NAERLS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tan ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ kálẹ̀, tó wà ní Zaria, máa ń tẹ ìwé pélébé lórí ọ̀gbìn, àwọn òṣìṣẹ́ ADP, ìyẹn ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìpínlẹ̀, náà sì wà nítòsí wa, ọ́fíìsì ẹkùn wọn wà ní Aiyétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Ká ní ìwé kan sọ pé lítà 4 oògùn apakoríko ni kí a fín sí hẹ́kítà kan. Ebè ni àgbẹ̀ wa fi ń ka oko, kì í ka hẹ́kítà. Nígbà tí kò rí ibi tí yóò ti mú un, yóò da agolo mílíìkì kan sínú pọ́ǹpù, ó parí. Bó bá fúyẹ́ jù, koríko á tún hù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bó bá le jù, owó ti ṣòfò, ohun ọ̀gbìn sì lè jóná.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Ẹ fi okùn wọn ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 10 ní òró, mítà 10 ní ìbú. Ẹ rọ omi lásán sínú pọ́ǹpù, kí ẹ sàmì sí ibi tó dé. Ẹ fín ilẹ̀ náà bí ẹ ṣe máa ń fín oko gan-an, ẹ má yára jù, ẹ má rọra jù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ike tí wọ́n kọ òṣùwọ̀n sí lára bu omi padà sínú rẹ̀ títí yóò fi dé ojú àmì. Iye tí ẹ bù ni ilẹ̀ yẹn mu. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ 100 ló wà nínú hẹ́kítà kan. Tó bá jẹ́ lítà 2 ló lọ, á jẹ́ pé hẹ́kítà kan yóò mu lítà 200. Pọ́ǹpù onílítà 16 yóò kún nígbà 12 àti ààbọ̀ kó tó tán. Ẹ wá pín lítà 4 oògùn yẹn sí ọ̀nà 12 àti ààbọ̀: mílílítà 320 ni yóò wọ inú pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ bí ọ̀dọ́ kan tó ń yára rìn bá gba pọ́ǹpù yẹn, tó jẹ́ lítà kan àti ààbọ̀ ló lò sí ilẹ̀ kan náà, oògùn tirẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílílítà 427 fún pọ́ǹpù kan. Ìwé kan náà, oògùn kan náà, ẹsẹ̀ ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé kò fi lè sọ iye ìdérí tàbí iye agolo fún wa. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹnu pọ́ǹpù, tàbí tó ti gbó tí omi ń ya jù, ẹ tún un wọ̀n.

Nílé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọmọdé ló ń jìyà rẹ̀. Ìtọ́sọ́nà fún ìgbẹ́ gbuuru ní kí a po páálí kan ORS, ìyẹn àpòpọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà, mọ́ lítà kan omi tó mọ́. Píọ̀ wọ́tà oní náílọ́nù tí a ń rà sábà máa ń jẹ́ 50cl, ìyẹn ìdajì lítà. Ẹ wo ara rẹ̀, a máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Méjì ni yóò po páálí kan. Ìyá tó bá fi ẹyọ kan pò ó ti sọ iyọ̀ inú rẹ̀ di ìlọ́po méjì, èyí sì lè pa ọmọ lára. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn wákàtí 24, kí a dà á nù. Oògùn síǹkì tí a ń fún ọmọ pẹ̀lú ORS tún wà: oníwọ̀n 20mg lójúmọ́ fún ọmọ tó ti lé ní oṣù 6, ààbọ̀ rẹ̀ fún èyí tí kò tíì pé oṣù 6, fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà bí ìgbẹ́ náà bá ti dá.

Kí ẹ tó tẹ̀lé ìwé kankan, ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìwé ọ̀gbìn àtijọ́ lè máa júwe oògùn apakoríko tó ń jẹ́ paraquat fún yín, bẹ́ẹ̀ NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin dè é láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ìwé tó ti gbó kò bọ́ sí ìdọ̀tí o: ọ̀rọ̀ àlàfo ìgbìn inú rẹ̀ lè ṣì dára. Ti oògùn ni kí ẹ bi òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ. Ẹ má dúró de ẹni tí yóò túmọ̀ odindi ìwé. Ojú ìwé òṣùwọ̀n nìkan ni kí olùkọ́ kan kọ sí Yorùbá gàdàgbà, kó kọ ọdún ìwé náà sí igun rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń tà oògùn tàbí níbi tí àwọn ìyá ti ń jókòó.

Tí ọ́fíìsì bá ní ìwé kò sí ńkọ́? Òfin FOI ti ọdún 2011, èyí tó fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, sọ pé kí iléeṣẹ́ ìjọba ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà tí òṣìṣẹ́ wọn ń lò, kí aráyé rí i. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn. Tó bá sì fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Owó ẹ̀dà, àti ti àdàkọ níbi tó bá ti pọn dandan, nìkan ni wọ́n lè gbà. Ní ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ọ́ gbangba pé òfin náà de ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Nínú lẹ́tà yín, ẹ dárúkọ ìwé náà tàbí iṣẹ́ tó dá lé, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù yín. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ. Kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti déètì lé ẹ̀dà kejì, ẹ mú un padà sílé. Láti déètì yẹn ni ọjọ́ méje tí òfin fún wọn láti dáhùn ti ń bẹ̀rẹ̀.