Okùn Ọrùn Tó Kù Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ̀yin ará Kétu. Ẹ gbé dígí. Ẹ fa igun ẹnu méjèèjì wá sílẹ̀ gan-an, bí ẹni tí nǹkan kíkan bọ́ sí lẹ́nu. Ṣé ẹ rí okùn tó yọ lábẹ́ àgbọ̀n? Kì í ṣe awọ. Iṣan ni.

Platysma làwọn dókítà ń pè é. Ó fẹ́lẹ́, ó tẹ́ láti òkè àyà lọ dé párì ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà iṣẹ́ abẹ ọrùn, èyí tí wọ́n ń ṣe nítorí ẹwà kí ọrùn tó rọ̀ lè tún le, wọ́n sábà máa ń rán etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ láàárín, wọ́n á sì fa awọ. Àmọ́ iṣan tí wọ́n rán kò kú, ó ṣì ń fà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó náwó rẹpẹtẹ ní Tùnísíà fi lè padà dé Àjàṣẹ́, kó tún rí okùn náà nínú fọ́tò ìnáwó.

Ẹ má tíì bá dókítà jà. Ó lè gba oṣù mélòó kan kí wíwú tó lọ tán. Àmọ́ bí ọrùn bá wú lójijì, tàbí tí mímí bá nira, ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Okùn tó ń yọ bí ẹ bá fa ẹnu, abẹ́rẹ́ Botox ló bá a mu. Ó ń mú iṣan dẹ̀. Ọdún 2024 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún okùn ọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn dókítà ti ń lò ó bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, agbára rẹ̀ á tán, ẹ ó tún sanwó. Bó bá pọ̀ jù, oúnjẹ á ṣòro gbé mì, orí pàápàá á ṣòro gbé sókè. Ẹni tó bá ní òun á gún un fún yín ní ṣọ́ọ̀bù onírun, ẹ sá fún un.

Bó bá jẹ́ awọ ló rọ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fa ẹnu, Botox ò ràn án. Ó lè gba iṣẹ́ abẹ mìíràn. Lésà, ìmọ́lẹ̀ alágbára tí wọ́n fi ń tún awọ ṣe, ńkọ́? Awọ dúdú tètè ń ní àpá, ẹ jẹ́ kí dókítà tó mọ irú awọ wa dán an wò níbi kékeré ná.

Ìlà tó yí ọrùn ká ńkọ́? Iṣẹ́ abẹ kì í sábà pa á rẹ́. Wọ́n lè gún hyaluronic acid, èròjà tó dà bíi jẹ́lì, sí i, àmọ́ èmi ò ní ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹwà ni.

Ẹ ya fọ́tò méjì, ọ̀kan tí ẹnu sinmi, ọ̀kan tí ẹ fà á, kí ẹ fi han oníṣẹ́ abẹ yín. Bó bá wà lókè òkun, ẹ gba ìwé iṣẹ́ abẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí dókítà tí ẹ bá rí ní Kútọnu lè mọ ohun tí wọ́n ti gé àti èyí tí wọ́n rán.