Kí ẹ tó ní jíà ọ́tò ti kú

Ẹ tẹ iná, ẹ́ńjìnnì ń ké, píkọ́ọ̀pù ò kúrò lójú kan. Ẹni tó bá dúró nítòsí á ti mi orí: "Jíà ti lọ nìyẹn." Ẹ ní sùúrù ná. Mo ti rí èyí tí wọ́n ti fi jáàkì gbé, tí wọ́n fẹ́ sọ jíà ẹ̀ kalẹ̀, àṣé ẹnìkan ló ṣèèṣì ti ọ̀pá 4WD, èyí tó ń pín agbára fún tàyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sí nútírà. Jíà ń yí, agbára ò dé ẹsẹ̀ tàyà. Ẹ wo ọ̀pá yẹn kí ẹ tó gbé sípánà.

Ó kan ọ́ìlì. Ẹ wa mọ́tò náà títí á fi gbóná dáadáa, ẹ gbé e síbi tó tẹ́jú, ẹ tẹ búrékì, ẹ rọra fa ọwọ́ jíà kọjá gbogbo ipò ẹ̀ kí ẹ tó dá a padà sí P. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì o. Bí wọ́n ṣe ń wọn ọ́ìlì jíà nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ nìyẹn. Àwọn kan wà tó fẹ́ kí ẹ pa á, ẹ wo ìwé mọ́tò yín. Ẹ fa ọ̀pá ìwọn jáde, ẹ nù ún, ẹ tì í wọlé, ẹ tún fà á.

Ẹ wá kán ẹ̀kán kan sórí pépà funfun, báyìí. Tó bá pupa, tó mọ́ gaara, ó dáa. Tó bá ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, àwọn awo kílọ́ọ̀ṣì inú ẹ̀, tó ń di agbára mú, ti ń yọ̀, wọ́n ti ń jó. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni tó bá dà bí ìgbà tí wọ́n da wàrà sínú ọ́ìlì pupa: omi rádíétọ̀ ti wọ jíà. Inú rádíétọ̀ ni ọ́ìlì jíà ti ń tutù nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Tí ibẹ̀ bá lu, àwọn méjèèjì á pàdé. Omi yẹn á tú gọ́ọ̀mù tó di ara awo kílọ́ọ̀ṣì mú. Ẹ pa mọ́tò, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ lọ.

Tí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ ńkọ́? Jíà kì í jẹ ọ́ìlì bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jẹ ẹ́. Ibì kan ló ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n abẹ́ mọ́tò lè gbẹ fúrúfúrú, kó má sí ẹ̀kán kan nílẹ̀. Nínú jíà àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà, bíi C6 ti Ford tàbí Turbo 400 ti GM, nǹkan ribiti kan wà lára jíà tí wọ́n ń pè ní modulator. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn. Tí awọ inú modulator bá ya, ẹ́ńjìnnì á máa fa ọ́ìlì jíà mu, èéfín funfun á máa yọ lẹ́yìn. Ẹ yọ rọ́bà yẹn, ẹ ti ìka bọ ẹnu ẹ̀. Tí ọ́ìlì pupa bá bá ìka yín jáde, ọwọ́ ti tẹ olè. Wọ́n sì ń pààrọ̀ modulator láìsọ jíà kalẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wà á. Ẹ fà á sí D, kí ẹ kà: ení, èjì. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó mú, agbára ọ́ìlì ò tó, tàbí síìlì inú ẹ̀ ti gan. Lójú títì, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké sókè tí eré ò pọ̀ sí i, jíà ń yọ̀ nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn pé jíà wo ló ti ń ṣe é. 4L60E, jíà kan tí GM ṣe, tí jíà kejì, ìkẹrin àti rẹ́fásì ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, irin kan tó dà bí agolo, sun shell, ló sábà máa ń fọ́. Tó bá jẹ́ ìkẹta àti ìkẹrin, kílọ́ọ̀ṣì tí àwọn méjèèjì jọ ń lò ló jóná.

Tó bá ń gbọ̀n bí ẹni ń gun òkúta wẹ́wẹ́, tí ẹsẹ̀ yín ò sì wúwo lórí iná, ẹ fi ẹsẹ̀ òsì kan búrékì fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, torque converter, ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, ni ẹ máa wò. Tó bá ń gbọ̀n síbẹ̀, ẹ wo pílọ́ọ̀gì. Ẹ́ńjìnnì tí iná ẹ̀ ń já máa ń purọ́ mọ́ jíà.

Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú ibi tí wọ́n ń ki súkánnà bọ̀, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà mọ́tò. Kóòdù P0700 nìkan ò ní kí ẹ ra nǹkan kan. Ó kàn ń sọ pé kọ̀ǹpútà jíà ní ọ̀rọ̀ láti sọ ni.

Tí gbogbo èyí ò bá tíì yé yín, ẹ tú páànù ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú tó rọ̀ bí ìpara lára máágínẹ́ẹ̀tì inú páànù, ọjọ́ orí ni, ẹ nù ún. Èérún irin tó ń gún ìka ni kì í ṣe eré. Èérún idẹ kì í lẹ̀ mọ́ máágínẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀, torí náà ẹ gbé páànù síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹ wo ohun tó ń dán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ọ́ìlì tó kù nídìí ẹ̀.