Bí Ẹ Ṣe Máa Dé Òtẹ́ẹ̀lì Láti Éápọ́ọ̀tù Ìkẹjà, Ẹ̀yin Tí Ẹ Kò Dé Èkó Rí

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wo ẹ̀yìn mi: éápọ́ọ̀tù Murtala Muhammed rèé, n'Íkẹjà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé àlejò láti ibí lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ní Ìkòyí àti Victoria Island, mo sì mọ̀ ọ́n dunjú. Ìbéèrè yín ti pọ̀ lórí WhatsApp, pàápàá ẹ̀yin ọmọ wa tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, tó jẹ́ pé Kérésì yìí lẹ máa kọ́kọ́ fojú kan Èkó. Ó yá.

Kí ẹ tó wọ bàálù rárá, ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ ní kí wọ́n rán awakọ̀ tiwọn wá. Ẹ gba orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹ béèrè iye tí wọ́n máa gbà, àti bóyá owó géètì àti owó páàkì ti wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ owó yàrá, kí ẹ má baà máa wá náírà kiri.

Wàyí o, ẹ fetí síbí. Ẹ fún òtẹ́ẹ̀lì ní ọ̀rọ̀ àdéhùn kan. Èyí tó bá wù yín: "àgbàdo sísun", "ẹ̀fọ́ rírò". Awakọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó tẹ̀lé e. Ẹ wo páálí ọwọ́ mi yìí. Orúkọ òtẹ́ẹ̀lì nìkan ni mo kọ, mi ò kọ orúkọ àlejò. Tí mo bá kọ "Adébáyọ̀" gàdàgbà síbẹ̀, ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á kà á, á sáré bọ́ síwájú: "Mọ́mì Adébáyọ̀, ẹ káàbọ̀ mà, èmi ni wọ́n ní kí n wá gbé yín!" Àlejò á sì tẹ̀lé e, torí ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí! Èmi ni mo kó àṣà yìí wá sáàárín àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi, gbogbo wọn ló ti ń ṣe é báyìí.

Páspọ́ọ̀tù, yẹ́lò káàdì (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú), ẹrù: ẹ mọ ìyẹn. Bí ẹ bá ti jáde, wọ́n á máa ké "Táàsì! Dọ́là! Ẹ jẹ́ n bá yín tì í!" Ẹ kí wọn, ẹ má dúró. Kí ọwọ́ yín má kúrò lára kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ẹni tó bá bá yín tì í ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré, owó ló ń bọ̀ wá gbà.

Ẹ̀yin ẹbí tó ń wá pàdé èèyàn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ "Murtala" lásán fún awakọ̀, kó má baà gbé yín lọ sí MM2, ibùdó bàálù mìíràn tó tún ń jẹ́ Murtala. MM2 tí wọ́n ṣí ní 2007, bàálù abẹ́lé ló wà fún. Ará òkè òkun kì í gba ibẹ̀ jáde.

Ẹnìkan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò tó kọjá pé ṣé Bolt àti Uber kò dáa ni. Wọ́n dáa. Ẹ fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ wé ti inú fóònù. Tí kò bá bára mu, bó tilẹ̀ ń pe orúkọ yín, ẹ má wọlé. Mo ti wí i! Ẹlòmíràn béèrè rélùwéè. Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbérò ní 2024 ń dúró n'Íkẹjà, ṣùgbọ́n kò wọ éápọ́ọ̀tù, Oyíngbò ló sì ń parí sí, kò dé Ìkòyí tàbí Victoria Island.

Àsìkò gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Láàárọ̀, gbogbo Èkó ló ń rọ́ lọ sí Island, ìyẹn ìhà Ìkòyí àti Victoria Island; nírọ̀lẹ́, wọ́n ń rọ́ bọ̀. Ẹni tó bá balẹ̀ nírọ̀lẹ́, òdìkejì èrò ló ń lọ, ìrìn rẹ̀ sábà máa ń yá. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló burú jù. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á mú yín láti Òṣòdì. Ẹ jókòó sí éápọ́ọ̀tù, ẹ jẹun, ẹ jẹ́ kó di aago mẹ́wàá. Tó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀ ti ṣú gan-an kí ẹ tó jáde, tí ara ti rẹ̀ yín, ẹ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì ní GRA Ìkẹjà níbí. Kò jìnnà rárá.

Ojú ọ̀nà: Òṣòdì, Anthony, Gbàgádà, Ọ̀wọ̀rọ̀ńṣòkí, kí ẹ tó gun Third Mainland. Afárá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, ọdún 1990 ni wọ́n parí rẹ̀. Ọ̀sà wà lọ́wọ́ òsì yín. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ máa rí Yunifásítì Èkó, lẹ́yìn náà Mákòkò, àdúgbò tí wọ́n kọ́ ilé sórí omi. Ẹ wò ó dáadáa, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ gbé gíláàsì sókè, kí fóònù má sì jáde sójú fèrèsé. Tí ẹ bá ti sọ̀ ní Ìkòyí, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé nìyẹn. Ẹ ka ẹrù yín lójú awakọ̀ kí ó tó ti bọ́ọ̀tù.

Háà, bàálù àlejò mi ti balẹ̀. Ọ̀rọ̀ àdéhùn tòní dùn o, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́ fún yín!